Ẹsẹ̀ Karùn-ún Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Itọ́ ni a fi ń nu àwòrán àtijọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń kó àwọn ẹlòmíràn nírìíra, àmọ́ kò sí ọṣẹ tó tó itọ́ lára ọ̀dà tó ti pé ogójì ọdún. Èèyàn á wé òwú mọ́ ẹnu igi tín-ín-rín, á fi í sẹ́nu títí yóò fi rin, á wá máa yí i díẹ̀díẹ̀ lórí àwòrán náà. Bí òwú bá ti dúdú, á jù ú nù, á mú òmíràn. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé àwòrán ìlú wa, mi ò sì jẹun àárọ̀ rí kí n tó débẹ̀, torí itọ́ ẹni tó ti jẹun kò mọ́.

Itọ́ tèmi kò rí mi lára rí. Ti Alálàyé ló ń rí mi lára.

Alálàyé ni gbogbo wa ń pè é, nítorí òun ni wọ́n gbà pé kó máa túmọ̀ àwòrán fún àwọn èèyàn. Àwòrán tó bá wà lára ògiri wa, òun ló ń sọ ohun tó dúró fún, òun ló sì ń kọ káàdì kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀wé lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn mọ́ ọn, itọ́ á máa ta lẹ́nu rẹ̀ bí òróró tó gbóná, èmi ni mo sì máa ń nù ún kúrò lára gíláàsì lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá lọ tán. Ó tún máa ń lá ìka rẹ̀ kó tó ṣí ìwé. Ìka yẹn náà ni yóò nà sí àwòrán, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Àwọn àlejò á máa mi orí. Bó bá sọ fún wọn pé ìrù ẹranko dúró fún àánú, wọ́n á mi orí. Bó bá padà ní owó orí ló dúró fún, wọ́n á tún mi í.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdé kan, ó dúró sẹ́yìn mi ní yàrá iṣẹ́, ó ń mí sí mi lọ́rùn. Ohun tó wà lórí tábìlì níwájú mi ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bàbá mi.

Kò sí ẹni tí kò mọ àwòrán náà ní ìlú wa. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára kàlẹ́ńdà, sára ife, sára àpò. Torí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe bàbá mi ní Bàbá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Ẹranko pupa kan ló ń rìn kọjá nínú yìnyín nígbà òtútù, ṣùgbọ́n kò jọ ẹranko gidi. Orí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, etí rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì mú ṣóńṣó lẹ́nu. Bàbá mi kì í kàn fọwọ́ ya ẹranko. Páálí ló máa ń gé, orí lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ lọ́tọ̀, á gbé e lé orí pákó, á fi pẹ́ńsùlù fà á yí ká, á wá kun inú rẹ̀. Gbogbo ohun tó kù nínú àwòrán náà, yìnyín ni, ó sì ju ìlọ́po mẹ́ta ẹranko náà lọ. Yìnyín ọ̀hún kì í ṣe funfun lásán. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn á rí àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí òjìji wà, á rí pupa rúsúrúsú níbi tí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, á sì rí ibi tí atẹ́gùn ti gbá a jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà ní ẹsẹ̀ márùn-ún. Mẹ́rin hàn gbangba. Ìkarùn-ún ń rọra yọ jáde lábẹ́ yìnyín, láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹ̀jẹ̀ tí a fọ̀ lára aṣọ tí kò ṣí tán. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni Alálàyé kọ́kọ́ rí i, ó sì kọ odindi ìwé kan lé e lórí.

“Ẹ wò ó, Àǹtí,” ó ní, itọ́ rẹ̀ sì bà mí létí. “Ẹsẹ̀ ikú nìyẹn. Ikú ló ń bá ẹranko náà rìn láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bàbá yín fi pamọ́ síbẹ̀ fún ẹni tó bá ní ojú inú. Yìnyín yẹn ńkọ́? Òfìfo ni. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n ńlá ni?”

“Mo ń gbọ́,” ni mo wí. Mo nu etí mi.

Mo mọ ohun tí ẹsẹ̀ yẹn jẹ́. Àṣìṣe ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ojú mi ló ṣe. Bàbá mi gbé páálí ẹsẹ̀ síbi tí kò yẹ, ó kùn ún ní pupa, kò sì fura títí ọ̀dà fi gbẹ. Nígbà tó rí i, ó bínú sí gbogbo ilé, ó ní ariwo àwa ọmọ ni kò jẹ́ kí òun ráyè ronú. Ìyá mi gba búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fi yìnyín bo ẹsẹ̀ náà.

Ìyá mi ló ń kun yìnyín. Bí iṣẹ́ ṣe rí nílé wa nìyẹn. Bàbá á kun ẹranko, ìyá á kun gbogbo ohun tó kù, ilẹ̀, ojú ọ̀run, yìnyín, orúkọ bàbá nìkan ló sì máa ń wà nísàlẹ̀. Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń dúró ti fèrèsé ilé ìdáná, á máa wo yìnyín tó wà níta títí ọwọ́ rẹ̀ á fi tutù pátápátá, kó tó padà sídìí pákó. Ọ̀dà funfun sì wà lábẹ́ àgádágodo nínú kọ́bọ́ọ̀dù bàbá mi. Ó ní òun ló ń tán jù, ìyá mi kò sì mọ nǹkan í tọ́jú. Láràárọ̀ ló máa ń fi ṣíbí wọ̀n ọ́n fún un, bí ẹni ń wọn oògùn ikọ́ fún ọmọ. Kò sí bí ṣíbí méjì ṣe máa bo yìnyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ni ìyá mi á bá bu òróró là á kó lè kárí.

Ọ̀dà funfun tí òróró pọ̀ nínú rẹ̀, bó bá ti pẹ́, á máa mọ́ gaara díẹ̀díẹ̀, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú. Gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ikú kankan níbẹ̀. Ọ̀dà ló fẹ́lẹ́.

Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ìyá mi ti kú, ohun kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ lára gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn. Kó lè mọ̀ bóyá ọ̀dà ti gbẹ, ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ igun òsì nísàlẹ̀. Ìgbà míràn ọ̀dà á ti gbẹ. Lórí ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ yìí, kò tíì gbẹ, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní, pẹ̀lú ilà àpá tó dá a sí méjì níbi tí ìdérí agolo ti gé e lọ́jọ́ kan.

Igun yẹn ni Alálàyé wá na ìka rẹ̀ tí itọ́ ti rin sí.

“Ìdọ̀tí wo lèyí?”

“Kì í ṣe ìdọ̀tí. Ìka ìyá mi ni. Àwọn ló kun yìnyín.”

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó burú. “Àwọn ìyá wa náà! Wọn ò lè rí nǹkan kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Àǹtí, bàbá yín ti sọ fún mi ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ pé àwọn nìkan ló dá a ṣe. Àbí bàbá yín á purọ́ ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kun ibẹ̀ dí. Ọjọ́ Sátidé la máa gbé e kọ́, àwọn àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọwọ́ ìyàwó ilé nínú òfìfo yẹn.”

Mo lọ bá ọ̀gá wa obìnrin, ẹni tó ń ṣe olórí ilé àwòrán náà. Obìnrin tó ń fẹ́ àlàáfíà ni, ó sì mọ bí a ṣe ń fi ẹrù ẹlẹ́rù lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. “Bàbá rẹ ló ni iṣẹ́,” ó ní. “Bí wọ́n bá ní ìka ìyá rẹ ni, ó dúró. Bí wọ́n bá ní ká dí i, dí i. Lọ bi wọ́n léèrè.”

Mo bá bàbá mi nínú yàrá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó jókòó sórí àga, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń gé èékánná ẹsẹ̀, ó sì ń kó o sínú ife kan lẹ́yọ lẹ́yọ. Mo wo ife náà dáadáa. Ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n tẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sí lára ni.

“Ẹ kú ìsinmi, Bàbá.”

“Ìwọ nìyẹn? Jókòó, gbọ́ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lọ́jọ́ Sátidé.” Ó gbé ojú sókè bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. “‘Mo rí ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn lójú oorun. Mo jí, mo sì mọ̀ pé ikú ń bá gbogbo wa rìn.’ Ó dáa, àbí kò dáa?”

Ọkùnrin yìí ló máa ń fi rúlà gbá mi ní oríkèé ìka bí ìlà tí mo fà bá wọ́ díẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ yẹn nínú ilé. Àbùkù ló ń pè é. Ní báyìí, torí àwọn àjèjì ń pàtẹ́wọ́ fún un, àbùkù ti di ìran, ó sì ti ń fi í ṣoge.

“Bàbá, àṣìṣe ni. Mo wà níbẹ̀.”

“Ọmọdé ni ọ́ nígbà yẹn. Kí lo mọ̀?”

“Mo mọ ẹni tó kun yìnyín.”

Ó gé èékánná kan, ó ta lu síkẹ́ẹ̀tì mi, kò sì sọ pé pẹ̀lẹ́. “Yìnyín? Ta ló ń wo yìnyín? Ṣé Bàbá Yìnyín ni wọ́n ń pè mí ni? Ìyá rẹ bá mi dí ilẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá gbálẹ̀ ilé, ṣé òun ló kọ́ ilé náà ni?”

“Wọ́n ní kí n kun àmì ìka ìyá mi dí. Wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ bá wí ni.”

“Dí i,” ó ní. Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. Ó ti ń wá èékánná tó ta nù, kó lè kó o sínú ife.

Mo rìn padà sílé láìwọ ọkọ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti ilé wa ti lọ fún ogójì, mi ò sì tíì rí i kí òtítọ́ wọ bàtà. Bàbá mi rí mi lára, Alálàyé rí mi lára, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo burú jù lójú ara mi. Láti ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ yẹn ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, mo mọ̀, mo sì panu mọ́. Torí pé mo jẹ́ ọmọ Bàbá Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni wọ́n ṣe fún mi ní yàrá iṣẹ́ tó ní fèrèsé méjì. Mo gbà á, mo tún kí wọn pé ẹ ṣeun. Adùn ibẹ̀ ti kan sí mi lẹ́nu báyìí bí oúnjẹ àná.

Ìlànà kan wà nílé àwòrán wa, tó ti wà kí wọ́n tó bí gbogbo wa. Wọ́n ní ẹnì kan tún àwòrán kan kùn ní bòókẹ́lẹ́ láyé àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá nu àwòrán gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ohun tó bá níbẹ̀ àti ohun tó ṣe sí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé àwòrán náà kọ́, ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀ ló máa ka ìwé ọ̀hún sókè níwájú gbogbo èèyàn, á fọwọ́ sí i, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn àwòrán títí láé. Ẹnikẹ́ni kì í fetí sí i mọ́. Alálàyé máa ń kà á wàrà-wàrà bí ẹni tí ebi ń pa tó ń gbàdúrà sórí oúnjẹ, kò sì yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú rí. Kí ló fẹ́ yẹ̀ wò? Ohun kan náà ni mo ń kọ láti ọdún mọ́kàndínlógún: mo nu eruku, mo tún igi etí rẹ̀ ṣe.

Ní àárọ̀ Fúráìdé, mo po funfun díẹ̀ sínú àwo. Wọ́n ti ní kí n dí i, iṣẹ́ mi sì ni. Mo gbé awò tó ń mú nǹkan tóbi sójú, mo mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, mo sún mọ́ igun òsì. Gbogbo ìlà àtàǹpàkò ìyá mi ló hàn níbẹ̀, àti àpá tó gé e sí méjì. Irun búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ti há sínú ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ronú pé ó ti yẹ kí búrọ́ọ̀ṣì ti kàn án báyìí. Ọwọ́ mi kò lọ.

Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì. Mo mú bébà, mo sì jókòó kọ ìwé mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, gbọ̀ngàn wa kún. Bàbá mi wọ kóòtù dúdú, ó jókòó níwájú pátápátá, ó gbé ọ̀pá sáàárín orúnkún. Alálàyé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko. Ikú ń rìn, òfìfo ń dákẹ́, itọ́ ń ta. Obìnrin kan tó jókòó níwájú rọra fi ìwé ètò bo ojú, mo sì bá a kẹ́dùn. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́, bàbá mi tẹrí ba lórí ìjókòó, ó ń múra láti dìde sọ ti oorun rẹ̀.

“Kí bàbá wa tó sọ̀rọ̀, ìlànà ilé,” ni Alálàyé wí. Ó lá ìka, ó ṣí ìwé mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

“‘Àwòrán kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nígbà òtútù. Ọ̀dà olóròóró lórí pákó. Mo fi itọ́ nu ojú rẹ̀. Ẹranko inú rẹ̀, bàbá mi ló kùn ún. Yìnyín inú rẹ̀, ìyá mi ló kùn ún. Ẹsẹ̀ karùn-ún kò dúró fún ohunkóhun, bàbá mi ló gbé páálí síbi tí kò yẹ. Ìyá mi fi yìnyín bo àṣìṣe náà, ó sì bò ó fún...’”

Ẹnu rẹ̀ ti sáré kọjá kí ojú rẹ̀ tó bá a. Ó dúró. Ó wo bébà náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìwé míràn ni.

“Ẹ kà á tán,” ni ọ̀gá wa obìnrin wí láti ẹ̀yìn. Ohùn rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. “Ìlànà ni.”

“‘...fún ogójì ọdún,’” ni Alálàyé wí ní ohùn kékeré. “‘Ọ̀dà funfun ti ń mọ́ gaara, ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ náà fi ń hàn. Wọ́n ní kí n kun àmì ìka tó wà ní igun òsì nísàlẹ̀ dí. Mi ò dí i. Àtàǹpàkò ìyá mi ni.’”

Obìnrin tó fi ìwé bojú ló kọ́kọ́ dìde. Ó lọ sídìí àwòrán náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń wo igun òsì. Àwọn méjì tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà mẹ́wàá. “Ẹ tiẹ̀ wo yìnyín yìí,” ni ẹnì kan wí. “Ẹ wo aró tó wà nínú rẹ̀. Mi ò rí i tẹ́lẹ̀ rí.”

Bàbá mi gbọ́. Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe pọ́n. Ó fi ọ̀pá gbéra, gbogbo èèyàn sì yà fún un, wọ́n rò pé ó fẹ́ sẹ́ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ká ní ó sẹ́ ni, wọn ì bá gbà á gbọ́, torí àgbà ni, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹsẹ̀ karùn-ún yẹn, ìbínú ogójì ọdún sì ru bò ó.

“Mo sọ fún un!” ó kígbe, ó ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀. “Mo sọ fún ìyá wọn nígbà yẹn pé kó kùn ún nípọn! Obìnrin yẹn ò gbọ́! Ká ní ó kun yìnyín yẹn bó ṣe yẹ ni, ta ni ì bá rí ẹsẹ̀ yẹn láéláé?”

Ó tutọ́ sókè, ó fojú gbà á. Òun náà ti gbọ́ ohun tó tẹnu rẹ̀ jáde, ó ń wò yí ká bí ẹni ń wá ẹlòmíràn tó sọ ọ́. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ikú ìyá mi, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ níwájú èèyàn, ẹ̀sùn ló sì fi ṣe é.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ̀yin lẹ máa ń fi ṣíbí wọn funfun fún wọn.”

Bàbá mi fọwọ́ wá àga rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì jókòó. Kò sọ ti oorun rẹ̀ mọ́. Alálàyé fọwọ́ sí ìwé mi láìlá ìka, ọ̀gá wa obìnrin sì lọ já káàdì kékeré kúrò lára ògiri, ó tì í sínú àpò.

Nígbà tí gbogbo wọn ti lọ, mo mú òwú, mo lọ nu gíláàsì bí mo ṣe máa ń ṣe. Itọ́ kò sí lára rẹ̀. Àmì ìka ló wà níbẹ̀, ti àwọn tó wá nawọ́ sí i, ó tó ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ní igun òsì nísàlẹ̀. Mo ti fi òwú sẹ́nu kí n tó rí wọn. Mo yọ ọ́, mo jù ú nù, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ Mọ́ńdè.